Ta Ló Ni Àkáǹtì Tó Ṣí Kọ̀ǹpútà Yìí?

Láptọ́ọ̀pù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ti akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan n'Íbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń pè ní Màmá Akọ̀wé. Owó ara rẹ̀ ló fi rà á, tuntun nínú páálí, Windows 11 Home ló sì wà lórí rẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́ sí: ìfowópamọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó yá owó, èyí tó ti san, èyí tó kù, gbogbo rẹ̀ nínú Excel. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún kò jìnnà mọ́, ó tan ẹ̀rọ náà, kò rí ibi tó máa ń tẹ PIN sí. Ojú aláwọ̀ búlúù kan ló yọ sí i, tó ní kí ó tẹ nọ́ḿbà gígùn kan tí kò rí rí láyé rẹ̀.

Akápò ẹgbẹ́ ní ó jọ pé Màmá ti gbàgbé PIN rẹ̀. Màmá ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé PIN tí òun ń tẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tí òun ti ra ẹ̀rọ kò lè ṣàdédé pòórá lórí òun. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Ó ki fláàṣì kan bọ̀ ọ́, irú èyí tí àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí fi ń yọ páásíwọ́ọ̀dù. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́ tí àkáǹtì rẹ̀ kò kọjá inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tí wọn kò sì sọ dísíìkì rẹ̀ di àdììtú, tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ní lè kà, irú fláàṣì bẹ́ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa: ẹ̀rọ á gbéra láti orí fláàṣì, á wọ inú dísíìkì, á pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, ó parí. Ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Dísíìkì fara hàn, ṣùgbọ́n kò sí fódà kan ṣoṣo tó ṣeé ṣí nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà bá ní dísíìkì ti bàjẹ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́mátì í kí òun sì gbé Windows tuntun sórí rẹ̀.

Màmá kọ̀. Ó ní owó àwọn olówó ló wà nínú rẹ̀, òun kò ní fọwọ́ ara òun pa á rẹ́. Ìkọ̀ yẹn ló gba iṣẹ́ náà là, torí pé dísíìkì náà kò ṣe nǹkan kan. Mo ti rí ju ẹ̀rọ kan lọ tí ohun inú rẹ̀ pé pérépéré, tí ẹni tó gbé e wá sì gbà kí wọ́n fọ́mátì í nítorí pé ẹnì kan fi ìdánilójú sọ ohun tí kò yẹ̀ wò.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ látòkè délẹ̀. BitLocker ló kọ sókè, ìyẹn ètò tí Windows fi ń sọ dísíìkì di àdììtú. Ó ń béèrè recovery key. Ó sì kọ Recovery key ID sójú ibẹ̀, àmì tí lẹ́tà àti nọ́ḿbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ kí a dá kọ́kọ́rọ́ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi. N kò tẹ ohunkóhun.

Mo wá jókòó ti Màmá láti ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ tí gbogbo wọn ti ń pè ní ohun kan náà láti àárọ̀. PIN jẹ́ ti ẹ̀rọ yìí nìkan. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, orí rẹ̀ ló ń gbé, kò sí ibòmíràn láyé tó ti wúlò. Páásíwọ́ọ̀dù jẹ́ ti àkáǹtì Microsoft, òun lèèyàn lè fi wọlé láti orí fóònù, láti káfé, láti ibikíbi. Recovery key jẹ́ ti dísíìkì fúnra rẹ̀. Nọ́ḿbà 48 ni, ní ìdì 8, nọ́ḿbà 6 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Windows fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, kì í ṣe èèyàn ló ń yàn án, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé òun gbàgbé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè méfò rẹ̀. Bí Màmá bá mọ PIN rẹ̀ títí dọ̀la, kò ní ṣí ojú búlúù yẹn.

Ó béèrè ohun tó fà á. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ náà ṣe ohun àjèjì kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ pa á, ó ní òun ń ṣe àtúnṣe, lẹ́yìn náà ni àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é yọ lójú dúdú, tí nọ́ḿbà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó ń kìlọ̀ pé kí òun má yọ iná. Àtúnṣe BIOS nìyẹn, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó gbéra. Nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, ṣíìpù kan wà tí wọ́n ń pè ní TPM, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí dísíìkì nígbàkígbà tá a bá tan ẹ̀rọ. Ó dà bíi mẹ́gáàdì tó mọ ojú onílé dunjú: bí onílé bá dé pẹ̀lú ojú tó mọ̀, á ṣílẹ̀kùn láìbéèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ojú bá yí padà, á ní kí ó mú ìwé tó fi hàn pé òun ló nilé wá. BIOS tó yí padà lè mú ojú ẹ̀rọ yí padà lọ́dọ̀ TPM. Pípààrọ̀ bọ́ọ̀dù náà lè ṣe é. Bí a bá sì yọ dísíìkì náà kì bọ inú ẹ̀rọ mìíràn, ìbéèrè kan náà ló máa bi wá. Nígbà mìíràn, àtúnṣe Windows lásán máa ń fà á: ní oṣù Keje 2024, Microsoft fúnra rẹ̀ kéde pé àtúnṣe ààbò oṣù náà lè gbé àwọn ẹ̀rọ kan dé ojú BitLocker, wọ́n sì ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé dísíìkì wọn ti di àdììtú. Lórí ẹ̀rọ tó bá ní ohun èlò tó yẹ, bí ẹnì kan bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé gẹ́gẹ́ bí Administrator, ìyẹn ẹni tó ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, nígbà àkọ́kọ́, Windows á tan ìdáàbòbò náà fúnra rẹ̀, á sì fi recovery key ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yẹn. Láti Windows 11 ẹ̀dà 24H2, wọ́n ti dín ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kù, kí púpọ̀ sí i lè bọ́ sábẹ́ ètò náà. Ètò dáadáa ni. Bí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ lọ lónìí, kò ní lè ka gbèsè ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìbéèrè kan: àkáǹtì ta ni?

Mo bi Màmá. Ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, mi ò ní àkáǹtì kankan o. PIN ni wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni mò ń tẹ̀."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Kò sí bí èèyàn ṣe lè parí ètò àkọ́kọ́ Windows 11 Home lọ́nà tó wọ́pọ̀ láìfi àkáǹtì Microsoft kan sí i. Nítorí náà àkáǹtì wà, kò kàn jẹ́ ti Màmá ni. Mo ṣì jẹ́ kí a gbìyànjú íméèlì rẹ̀ tó wà lórí fóònù, lójú ìwé ìwọlé Microsoft, bóyá ọmọ tó tà á fún un lo íméèlì Màmá. Ojú ìwé náà ní òun kò mọ àkáǹtì bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ojú búlúù bá dí ọ̀nà, a kì í lè dé ibi tí orúkọ àkáǹtì ti ń hàn. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ti jáde láti inú ẹ̀rọ náà kó tó tì. Màmá ní òun tẹ ìwé owó jáde sórí pépà ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ó kó wọn wá. Ẹni tó bá wọn ṣe ìwé Excel náà ti ṣètò rẹ̀ kí ibi tí fáìlì wà máa jáde ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó sì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní: C:\Users\, lẹ́tà márùn-ún, \Documents. Bí èèyàn bá fi àkáǹtì Microsoft ṣí ẹ̀rọ tuntun, lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ nínú íméèlì rẹ̀ ni Windows fi ń sọ fódà rẹ̀ lórúkọ. Lẹ́tà márùn-ún yìí kò jọ orúkọ Màmá tàbí ti ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí mo pè é sókè, Màmá ní, "Háà, ọmọ tó bá mi ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn!"

Ìlà kan náà sọ ohun mìíràn tí kò dùn mọ́ mi. Bí OneDrive bá ti ń kó Documents lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí fáìlì wà kò ní jẹ́ C:\Users\ àti Documents lásán bẹ́ẹ̀ yẹn. Nítorí náà kò sí ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Orí dísíìkì yẹn nìkan ni ìwé owó ẹgbẹ́ wà.

Màmá ṣì ní rìsíìtì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ọmọ náà ti kúrò lọ́dọ̀ òun, ó ti wà l'Ékòó, ó sì fún wa ní nọ́ḿbà rẹ̀ tuntun. Ọmọ dáadáa ni. Kò sá, kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni, íméèlì kan wà tí òun fi ń ṣí gbogbo láptọ́ọ̀pù tí àwọn bá tà, torí pé ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í fẹ́ dúró kí wọ́n ṣí tiwọn, àwọn mìíràn kò rántí páásíwọ́ọ̀dù íméèlì wọn, ọjà sì ń kánjú. "Ẹ má bínú mà, mi ò mọ̀ pé ó lè dé ibi báyìí." Màmá ní, "Ọmọ mi, mi ò bínú. Ṣáà bá mi wá a."

Ó rántí páásíwọ́ọ̀dù náà. Mo ti rò pé ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ̀ ẹ́, Microsoft ní òun máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ḿbà tó wà lórí àkáǹtì, nọ́ḿbà yẹn sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Wọ́n jí fóònù rẹ̀, kò gba líìnì náà padà, ó ra òmíràn. Ní Nàìjíríà, bí èèyàn kò bá lo líìnì kan fún ohun tó ń mú owó wọlé fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fún 180 ọjọ́, wọ́n lè pa á. Bí 180 ọjọ́ mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ḿbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Ó pè é. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló gbé e.

Akápò ní kí a bẹ obìnrin náà, kí ó kàn ka kóòdù tó bá wọlé sí fóònù rẹ̀ fún wa. Mo lóye ohun tó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ìpàdé ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ti ń kùn. Ṣùgbọ́n mo kọ̀ pátápátá. Ohun tí a ń bẹ gbogbo ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe láé nìyẹn: ẹni tí o kò mọ̀ pè ọ́, ó ní kóòdù kan ń bọ̀, kí o kà á fún òun. Ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbà kó owó èèyàn lọ. N kò ní jẹ́ ẹni tó kọ́ obìnrin yẹn pé ó lè bọ́ sí i dáadáa.

Ọ̀nà tó tọ́ wà, ó kàn lọ́ra ni. Lójú ìwé tó ń béèrè kóòdù, ọmọ náà yan èyí tó sọ pé òun kò ní ìkankan nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ mọ́. Ó fi nọ́ḿbà tuntun àti íméèlì mìíràn sí i. Microsoft gbà á, ṣùgbọ́n ó ní ó di ìgbà tí 30 ọjọ́ bá pé kí àyípadà náà tó fìdí múlẹ̀. Ìdúró yẹn ní ìdí tirẹ̀: bó bá jẹ́ olè ló ń gbìyànjú láti gba àkáǹtì, ẹni tó ni ín ṣì ní àyè láti rí i kó sì fagi lé e. Mo kìlọ̀ fún ọmọ náà kí ó má fọwọ́ kan ìbéèrè náà mọ́, kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Oore kan ló ṣe wá pé kò tan two-step verification sórí àkáǹtì náà, ìyẹn ètò tí páásíwọ́ọ̀dù nìkan kì í tó láti fi wọlé. Tó bá jẹ́ pé ó tan án, tí nọ́ḿbà kan ṣoṣo tó fi sí i sì ti lọ, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà pàápàá kì bá ti ṣiṣẹ́ fún un. Ohun rere ni two-step, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí mo bá bá pàdé pé kí wọ́n tan án, àmọ́ ẹni tó bá tan án gbọ́dọ̀ ní ju ọ̀nà kan lọ tí kóòdù lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó sì tẹ recovery code lẹ́tà àti nọ́ḿbà 25 tí Microsoft ń fúnni sórí pépà.

Oṣù yẹn ló nira jù nínú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí iṣẹ́ tí a lè ṣe. Ìpàdé kò ṣeé sún. Màmá fi pépà oṣù tó kẹ́yìn tó tẹ̀ jáde àti àwọn gégé rìsíìtì ṣe ìjábọ̀ rẹ̀, ó sì dìde lójú àwùjọ ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé ẹnì kan wà l'Ékòó tó ń já BitLocker. Mo ní kí ó má fún ẹnikẹ́ni lówó lórí irú ìlérí bẹ́ẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kúrò nílé. Ewu tó wà níbẹ̀ ju owó lọ: ẹni tí kò bá rí i já lè fọ́mátì í nígbà tó bá sú u.

Nígbà tí 30 ọjọ́ pé, ọmọ náà wọlé. Mo ní kí ó lọ sí ojú ìwé recovery key nínú àkáǹtì náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀ńjíníà, wọ́n pọ̀ níbí o." Kọ́kọ́rọ́ gbogbo láptọ́ọ̀pù tó ti fi íméèlì yẹn ṣí ló tò síbẹ̀, ti àwọn èèyàn tí kò tilẹ̀ rántí ojú wọn mọ́. Mo ka lẹ́tà àti nọ́ḿbà mẹ́jọ àkọ́kọ́ ID tí mo kọ sínú ìwé fún un, ó wá a títí ó fi rí èyí tó bá a mu. N kò jẹ́ kí ó fi fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, torí pé kọ́kọ́rọ́ ilé ẹlòmíràn ló wà nínú rẹ̀. Lórí fóònù ló ti kà á, ìdì kan lẹ́yìn ìkejì, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ìdì kẹta kò wọlé ní àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó lè mọ̀ ni pé gbogbo ìdì nọ́ḿbà 6 inú recovery key ló ṣeé fi 11 pín láìṣẹ́kù. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo tó bá ṣìnà, ìṣirò kò ní jọ mọ́. Ó tún un kà, a dé òpin, ojú búlúù lọ, ibi PIN yọ. Màmá tẹ PIN rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gbowó iṣẹ́ níbi yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbowó níbẹ̀. Gbogbo ohun tó fa wàhálà náà ṣì wà níbi tó wà.

Mo kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì sórí dísíìkì àfọwọ́gbé kan, mo sì ṣí ìwé owó náà láti ibẹ̀ kí ojú mi lè rí i pé ó pé. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Settings, mo wọ Accounts. Àkáǹtì kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀rọ náà, ti ọmọ ṣọ́ọ̀bù, Administrator sì ni. Màmá, akápò àti ọmọbìnrin tó ń bá wọn tẹ ìwé, PIN kan náà ni gbogbo wọn fi ń wọlé. Bí ẹnì kan bá yí iye owó kan padà nínú ìwé gbèsè, kò sí bí a ṣe lè mọ ẹni tó ṣe é. Nínú Sign-in options, èyí tó ní kí àkáǹtì Microsoft máa fi Windows Hello (PIN, ojú tàbí ìka) nìkan wọlé wà ní títàn. Ìdí nìyẹn tí ibi páásíwọ́ọ̀dù kò fi hàn lójú ìwọlé rí, tí Màmá kò fi mọ̀ láti ọjọ́ yìí pé páásíwọ́ọ̀dù kan wà lẹ́yìn PIN.

A ṣí àkáǹtì Microsoft fún Màmá lórí fóònù rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́, èmi kò wo páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Nọ́ḿbà tó fi sí i ni èyí tó wà lórí NIN rẹ̀ tó sì ń lò lójoojúmọ́, ó sì fi íméèlì ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe ọ̀nà kejì. Mo fi àkáǹtì náà kún ẹ̀rọ, mo sọ ọ́ di Administrator. Fún ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé, mo ṣí àkáǹtì tí kò ju inú ẹ̀rọ náà lọ, ní ipò Standard: Other users, Add account, kí a sọ pé a kò ní ohun ìwọlé ẹni náà, kí a wá yan aṣàmúlò tí kò ní àkáǹtì Microsoft. Windows béèrè ìbéèrè ààbò mẹ́ta níbẹ̀. Mo ní kí ó má fi òtítọ́ lásán dáhùn ìlú tí wọ́n bí i sí, torí pé gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Standard kò lè wo fódà Màmá, kò lè yọ ààbò ẹ̀rọ kúrò. Fáìlì owó ojoojúmọ́ nìkan la gbé sí fódà tí àwọn méjèèjì lè dé. Ìwé ìfọwọ́sí ẹ̀yáwó wà lọ́dọ̀ Màmá.

Ọ̀nà kan wà tó yá ju èyí lọ, pé kí a sọ àkáǹtì ọmọ ṣọ́ọ̀bù di ti inú ẹ̀rọ láti Your info, kí Màmá máa bá a lọ níbẹ̀. Kò burú fún ẹni tó ń dá lo ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi yan àkáǹtì tuntun torí pé fódà náà á ṣì máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, àti pé recovery key inú àkáǹtì ọmọ náà á ṣì máa ṣí dísíìkì ẹgbẹ́. Kí n tó kó fáìlì Màmá sí ilé tuntun, mo gbé páásíwọ́ọ̀dù tó ti fi pamọ́ sínú bíráwúsà jáde, torí pé Windows so ìyẹn mọ́ àkáǹtì àtijọ́. Dída fódà kọ nìkan kì í kó o.

Lẹ́yìn náà ló kan kọ́kọ́rọ́. A so ẹ̀rọ mọ́ ṣájà lórí ìnfátà, kí NEPA má bàa dá wa dúró láàárín, mo sì pa Device encryption, ètò tó sọ dísíìkì di àdììtú, títí ó fi tú gbogbo dísíìkì sílẹ̀. Láti inú àkáǹtì Màmá ni mo ti tún un tàn, èyí tó mú kí Windows ṣe recovery key tuntun. Màmá wọ àkáǹtì rẹ̀ lórí fóònù, ó rí i níbẹ̀. Mo ṣí Terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí Administrator, mo tẹ manage-bde -protectors -get C:, a sì fi ID tó jáde wé ti orí fóònù. Wọ́n bá ara wọn mu. Ó tẹ ẹ̀dà méjì sórí pépà, ọ̀kan wọ inú fáìlì ìwé báǹkì ẹgbẹ́, akápò mú ìkejì lọ sílé. Kò sí èyí tá a fi pamọ́ sórí láptọ́ọ̀pù náà. Ìgbà yẹn ni mo tó yọ àkáǹtì ọmọ ṣọ́ọ̀bù kúrò lórí ẹ̀rọ, torí pé yíyọ rẹ̀ ń pa fódà rẹ̀ rẹ́ pọ̀ mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà, n kì í gba ẹ̀rọ kankan sọ́dọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá pé íméèlì ta ni wọ́n fi ṣí i. Tí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan BIOS tàbí bọ́ọ̀dù, manage-bde -status ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀. Bí ó bá fi hàn pé ààbò wà ní títàn, a ó rí recovery key lójú ara wa ná, mo sì ń dá ààbò náà dúró fún ìgbà díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn tó ń tà á: bí oníbàárà kò bá ṣe tán láti ṣí àkáǹtì tirẹ̀, ẹ fún un ní ẹ̀rọ náà bó ṣe wà nínú páálí. Ẹ̀rọ tí kò tíì ṣí sàn ju èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò yín lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi láptọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn nílé. Wọ́n á ti ṣí i pẹ̀lú íméèlì tiwọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, kóòdù á sì máa lọ sí fóònù òkèèrè nígbà tí ọmọ ti sùn. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ tẹ recovery key náà sórí pépà, kí ẹ fi í sínú báàgì pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Ó ku àwọn kọ́kọ́rọ́ yòókù tó wà nínú àkáǹtì ọmọ náà. Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ pa gbogbo wọn rẹ́ lọ́jọ́ náà kí ọ̀rọ̀ náà tán lọ́rùn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹnì kan ní láti dé inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kí ó máa wọ àkáǹtì náà déédéé, nítorí pé Microsoft lè ti àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ fún ọdún 2. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ gbà láti gbé ìwé rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù jáde, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n ṣí àkáǹtì tiwọn, kí wọ́n sì wá gba kọ́kọ́rọ́ wọn.